Lẹ́tà sí Ìyá Ìbejì lórí ọ̀rọ̀ orúkọ Kẹ́hìndé

Kábà,
Ìpínlẹ̀ Kogí.
Ọjọ́ 9, oṣù Kẹta.

Ìyá Ìbejì mi ọ̀wọ́n,

Òkun o! Mo tún un kí: òkun o! Mo mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí ẹnì kan ti kí ọ kẹ́yìn bí a ṣe ń kíra wa nílé. Bàbá Ìbejì ńkọ́? Bá mi kí wọn dáadáa. Ara wa le níhìn-ín, ọpẹ́ ni f'Ọ́lọ́run. Ọyẹ́ ti ń kógbá wọlé, kaṣú ti ń pọ́n, láti ọjọ́ Ajé sì ni ìdajì kíláàsì mi ti wà lábẹ́ igi kaṣú tí wọ́n ń ṣa èso.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo kà á. Nígbà tí mo dé ibi tí o ti kọ ọ́ pé Kẹ́hìndé ti ilé-ìwé dé, tó ní kí ẹ má pe òun ní Kẹ́hìndé mọ́, pé "Kenny" ni òun ń jẹ́ báyìí torí tísà kò lè pe orúkọ náà, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì fi ń ṣẹ̀rín, mo gbé ìwé náà sílẹ̀, mo bọ́ síta. Kẹ́hìndé, ẹ̀gbọ́n tó rán Táíwò ṣíwájú pé kó lọ tọ́ ayé wò fún òun! Ọmọ ọdún méje péré, orúkọ tó gbé wá láti ọ̀run ti di ẹrù tó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀.

Ti irun rẹ̀ náà dùn mí. Ìwọ tí o fi gbogbo ọ̀sán Sátidé jókòó dì í, kí ọmọ kan wá sọ pé ó dà bíi kànrìnkàn ìfọkòkò, kí tísà sì ní kó lọ tú u torí pé ó ń gba ojú àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n o sọ fún mi pé ní Maryland, ìpínlẹ̀ tí ẹ ń gbé ní Amẹ́ríkà níbẹ̀, òfin ti wà láti 2020 pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi irun dídì dá ẹni dúdú lẹ́bi. Tẹ̀ ẹ́ jáde, mú un lọ́wọ́ lọ sí ìpàdé tí ẹ fẹ́ bá àwọn aláṣẹ ilé-ìwé ṣe yẹn. Tísà tó bá ti rí òfin lójú kì í jiyàn púpọ̀, èmi náà tísà ni.

O ní kí n gbà ọ́ nímọ̀ràn, torí ẹ ń dá ẹgbẹ́ òbí sílẹ̀ tí yóò bá àwọn aláṣẹ ilé-ìwé jíròrò kí wọ́n lè máa kọ́ àwọn ọmọ láti má ṣe hùwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà. O ní èmi tí mo ti fi ọdún mọ́kànlélógún kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé ìjọba, mo gbọ́dọ̀ mọ nǹkan kan. Ọ̀rẹ́ mi, kí n tó gbà ọ́ nímọ̀ràn, mo ní ohun kan tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ fún ọ. Mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ní sáà tó kọjá, alábẹ̀wò kan wá sí ilé-ìwé wa. Ó mú rẹ́jísítà lórí tábìlì mi, ó ní òun fúnra òun ni yóò pe orúkọ. Àwọn ọmọ ń dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, "Present, Sà." Ó dé orí orúkọ ọmọbìnrin kan. Mi ò ní kọ orúkọ náà síbí, ọmọ ọlọ́mọ ni. Ó pè é, kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó tún un pè. Mo rí ọmọ náà níbi tó jókòó sí lẹ́yìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí pákó rẹ̀ ti ṣí, ó tẹjú mọ́ mi, kò yanu. Alábẹ̀wò ti gbé bírò láti kọ ọ́ pé kò wá. Ni mo bá pariwo, "Fúlàní!" Kíá ló fò dìde: "Present, Mà!"

Ọdún kan ààbọ̀ ló ti lò nínú kíláàsì mi, Ìyá Ìbejì. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nílé bàbá rẹ̀, èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ ọ́ sínú rẹ́jísítà, n kò sì pè é rí. Tí mo bá fẹ́ sàmì sí rẹ́jísítà, màá kàn wojú kíláàsì ni. "Fúlàní, lọ pọn omi." "Fúlàní, sún sẹ́yìn, jẹ́ kí àwọn èèyàn ríran." Gbogbo ọmọ kíláàsì náà sì gbà á lẹ́nu mi. Mi ò fi ìkórìíra sọ ọ́ o. Mo fẹ́ràn ọmọ náà, ó mọ ìṣirò ju àwọn tó kù lọ. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn, torí ó ṣeé ṣe kí tísà Kẹ́hìndé náà fẹ́ràn rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà ìsinmi, mo pè é sí ẹ̀yìn ilé-ìwé, mo ní kó kọ́ mi bí ìyá rẹ̀ ṣe ń pe orúkọ rẹ̀. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń sọ àṣírí. Mo pè é, ó mi orí. Mo tún un pè, ó tún mi orí. Ìgbà kẹta ló tó rẹ́rìn-ín.

Ohun tó tún mú ojú tì mí ni pé èmi àtìwọ mọ bó ṣe ń rí. Ṣé o rántí ọdún tí wọ́n gbé wa lọ sí Ìbàdàn? Wọ́n gbọ́ pé láti ìhà Lọ́kọ́ja la ti wá, wọ́n ní Gàmbàrí ni wá. Tísà Yorùbá fúnra rẹ̀ ní kí o dìde, kí o kí gbogbo kíláàsì bí a ṣe ń kíra wa nílé. O kí wọn, wọ́n kú sẹ́rìn-ín. Títí a fi kúrò níbẹ̀, o kò sọ èdè ilé níta mọ́, àfi tí a bá wà lábẹ́ aṣọ lálẹ́. Owé, Ìjùmú, Yàgbà, Bùnú, Ọ̀wọ́rọ̀, gbogbo àwa ẹ̀yà Òkun ni irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí. Àwọn ará Àríwá ní Yorùbá ni wá, àwọn Yorùbá kan sì ní ará Àríwá ni wá. Èmi tó jẹ irú ìyà yẹn ni mo tún padà wá sí Kábà tí mo ń fi í jẹ ọmọ ẹlòmíràn.

Kíláàsì mi ti yàtọ̀ sí ìgbà tiwa o. Láti ìgbà tí ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ti dé Ọbájánà, gbogbo ẹ̀yà ló ń gba ọ̀nà yìí. Mo ní ọmọ Ebira mẹ́fà tí àwọn òbí wọn ń dáko lọ́nà Bùnú, mo ní ọmọ Igala, ọmọ Tiv, ọmọ Nupe méjì. Wò ó, mo kọ Ebira, mo kọ Nupe. Ìgbìrà àti Tápà ni à ń pè wọ́n láti ọjọ́ pípẹ́, àmọ́ kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń pe ara wọn nìyẹn, mo sì ti wá rí i bí ojú àwọn ọmọ náà ṣe ń yí nígbà tí wọ́n bá gbọ́ ọ.

A ti wá sọ ọjọ́ Ẹtì di ọjọ́ èdè. Ọmọ kan yóò jáde, yóò ka oókan dé aárùn-ún ní èdè ilé rẹ̀. Ọmọ Igala dé orí èjì àti ẹ̀ta, ni kíláàsì bá ké, "Mà, ó ń jí tiwa!" Ọmọ Ebira náà jáde, ẹ̀ta tirẹ̀ tún fẹ́ jọ tiwa. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sójú pátákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, a kàn dákẹ́, à ń wò ó. Ọmọbìnrin yẹn náà jáde, ó ka go'o, ɗiɗi, tati. Nígbà tó dé orí ɗiɗi, àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín, òun náà sì bá wọn rẹ́rìn-ín. Báyìí o, tí wọ́n bá ń ta òkòtó, èdè Fúlàní ni wọ́n fi ń kà á.

Ẹ̀kọ́ ìtàn ló ṣòro. Ìjọba ti fi ọ̀pọ̀ ọdún yọ ọ́ kúrò nínú iṣẹ́ àwọn ọmọ kéékèèké, kó tó tún padà. Tí o bá sì fẹ́ kọ́ ọmọ Kábà ní ìtàn, ogun Tápà lo máa kọ́kọ́ bá pàdé: bí àwọn ọmọ ogun Bídà, olú-ìlú àwọn Nupe, ṣe ń wá kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú, bí àwọn baba ńlá wa ṣe sá gun orí òkè, títí di oṣù Kìíní 1897 tí àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company, ilé-iṣẹ́ òwò àwọn Gẹ̀ẹ́sì, fi dé Kábà, tí àwọn ti Bídà sì kó àgọ́ wọn lọ. Ọmọ Nupe méjì sì jókòó síwájú mi. Ọdún méjì sẹ́yìn, mo fo orí yẹn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mo sọ ọ́ tán, ọmọ kan sì yíjú sí wọn níta, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ kó ìyá ìyá wa."

Lọ́dún yìí mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo sọ ti Bídà, mo sọ pé nígbà míì tí ìsákọ́lẹ̀ kò bá pé, àwọn aláṣẹ tiwa náà fi èèyàn wa dí i. Mo sọ pé nínú àwọn tí wọ́n dá sílẹ̀ lóko ẹrú, púpọ̀ tẹ̀dó sí Lọ́kọ́ja, ti ẹ̀yà gbogbo. Lẹ́yìn náà ni mo bi wọ́n léèrè: ta ló wà níhìn-ín tí wọ́n ti bí nígbà náà? Kò sẹ́ni tó nawọ́. Mo fi ọwọ́ lé àwọn ọmọ Nupe méjèèjì léjìká títí mo fi parí ọ̀rọ̀. Nítorí náà, nígbà tí o kọ ọ́ pé àwọn òbí kan níbẹ̀ kò fẹ́ kí wọ́n kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn oko ẹrú, kí àwọn ọmọ òyìnbó má bàa rò pé àwọn jẹ̀bi, ọ̀rọ̀ wọn yé mi. Àmọ́ mi ò gbà pẹ̀lú wọn. Ọmọ lè gbọ́ òtítọ́ tí ọwọ́ àgbà bá wà léjìká rẹ̀.

Mi ò ní purọ́ fún ọ pé gbogbo rẹ̀ ń lọ geere. O gbọ́ ohun tí ojú wa ń rí nípa àwọn ajínigbé. Ìyá kan wá bá mi, wọ́n ti gbé ọkọ rẹ̀ lójú ọ̀nà oko rí, ó ní kí n má jẹ̀ẹ́ kí ọmọ òun jókòó ti ọmọ Fúlàní. Ṣe ni ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Mi ò lè bá a jà. Mo fún un lómi, mo jẹ́ kó sunkún. Mo wá sọ fún un pé ọmọ náà ò ju ọdún mẹ́sàn-án lọ, pé òfin UBE ti 2004 ní kí gbogbo ọmọ Nàìjíríà lọ sílé-ìwé lọ́fẹ̀ẹ́, àti pé mi ò ní gbé ìjókòó ẹnikẹ́ni. Ó bínú lọ. Ọmọ rẹ̀ ṣì ń wá ṣá.

Ti àwọ̀ ara náà wà lọ́dọ̀ wa, o lè má gbà gbọ́. Mo ní kí wọ́n ya áńgẹ́lì àti Sátánì. Gbogbo wọn fi áńgẹ́lì sílẹ̀ ní funfun bí ìwé, wọ́n fi kírẹ́yọ̀n dúdú kun Sátánì. Ọmọ kan tó dúdú bí kóró iṣin ló ṣàlàyé fún mi pé, "Mà, ẹni tó dúdú ló burú." Mo rántí ohun tí a kà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì nípa tọkọtaya Clark, Kenneth àti Mamie, ní Amẹ́ríkà níbẹ̀. Wọ́n kó ọmọláńgidi dúdú àti funfun síwájú àwọn ọmọ dúdú, wọ́n ní, "Fún mi ní èyí tó dára." Púpọ̀ nínú wọn mú funfun. Nígbà tí wọ́n wá bi wọ́n pé èwo ló jọ wọ́n, àwọn kan bú sẹ́kún. Ohun tí wọ́n rí yẹn wà lára ohun tí ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ wò ní ọjọ́ 17 oṣù Karùn-ún 1954, tí adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán fi pa ohùn pọ̀ pé ilé-ìwé ọ̀tọ̀ fún dúdú, ọ̀tọ̀ fún funfun, ti dópin. Thurgood Marshall tó ro ẹjọ́ náà, Baltimore ni wọ́n ti bí i, ní Maryland tìrẹ níbẹ̀! Mo rò pé ó yẹ kí o dárúkọ rẹ̀ nínú ìpàdé. Mo wá ọmọláńgidi dúdú kiri ọjà Kábà láti ṣe é fún kíláàsì mi. N kò rí ẹyọ kan.

Tí o bá dé ìpàdé, má ṣe kọ́kọ́ béèrè fún ìwé ẹ̀kọ́ tuntun, yóò pẹ́. Ní kí tísà kọ̀ọ̀kan kọ́ bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ gbogbo ọmọ lẹ́nu ọmọ náà gan-an. Lẹ́yìn náà, ní kí wọ́n mú àkọsílẹ̀ ìjìyà wá. Ìjọba àpapọ̀ yín fúnra rẹ̀ ló kà á ní ọdún ẹ̀kọ́ 2013 sí 2014 pé ó ṣeé ṣe ní ìlọ́po 3.8 kí wọ́n lé ọmọ dúdú nílé-ìwé fún ìgbà díẹ̀ ju ọmọ funfun lọ. Ní kí wọ́n sọ ti ilé-ìwé yín. Èmi náà ṣí ìwé tí a ń kọ orúkọ ọmọ tó ṣẹ̀ sí níhìn-ín. Ó ju ìdajì lọ tó jẹ́ ọmọ àwọn àgbàṣe, bẹ́ẹ̀ wọn ò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú wa. Mo gbé e lọ bá ọ̀gá wa. Wọn ò sọ̀rọ̀, wọ́n ń ṣí i síwá sẹ́yìn.

Mo ní ohun méjì tí mo fẹ́ bẹ̀ ọ́. Tí ẹnì kan bá ń bọ̀ wálé nígbà Kérésìmesì, fi ọmọláńgidi dúdú méjì rán an, màá san owó rẹ̀ nínú owó kaṣú mi. Ìkejì, ní kí Kẹ́hìndé sọ orúkọ rẹ̀ sínú fóònù, jẹ́jẹ́, bí o ṣe máa ń pè é gan-an, kí o fi ránṣẹ́. Mo ti sọ fún àwọn ọmọ mi pé ọmọ Kábà kan ń bọ̀ wá kọ́ wọn ní orúkọ rẹ̀ láti Amẹ́ríkà. Àwọn náà yóò sọ tiwọn padà fún un, ọmọbìnrin ẹ̀yìn fèrèsé ló sì ní òun ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Bá mi fi ẹnu kan àwọn ìbejì létè.

Èmi ni,
ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré.