Macroeconomics àti àwọn ẹlẹ́ja Olúwo

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Àwọn tó ń kàwé gboyè kejì nínú ìmọ̀ ọrọ̀ ajé máa ń sá fún macroeconomics, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa ọrọ̀ ajé orílẹ̀-èdè lápapọ̀. Kì í ṣe pé orí wọn ò pé. Ẹ wo àwòṣe Ramsey tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, èyí tó ń wo iye tó yẹ kí àwùjọ ná lónìí àti iye tó yẹ kí wọ́n fi pa mọ́. Ó ti wà láti 1928, ìṣirò sì ni látòkè délẹ̀. Ẹni tí wọn ò kọ́ ní kalkúlọ́ọ̀sì (ìṣirò bí nǹkan ṣe ń yí padà) dáadáa nígbà oyè àkọ́kọ́, kí ló fẹ́ fi ṣe é?

Èyí tó ń dùn mí jù nìyí. Ìwé ní bí Báńkì Àpapọ̀ bá gbé èlé sókè, ìdílé á dín ìnáwó kù, wọn á fowó pa mọ́. Ó dáa. Ní oṣù Kejì 2024, wọ́n gbé e láti 18.75% sí 22.75%. Ẹ wá bi àwọn ìyá ẹlẹ́ja ní ọjà Olúwo, l'Ẹ̀pẹ́ níbí, bóyá ìyẹn kàn wọ́n. Èésú ni wọ́n ń dá, àwìn ni wọ́n fi ń gbẹ́ja lọ́wọ́ apẹja. Iye epo tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ mu lójú ọ̀sà ló ń sọ iye tí wọ́n máa ta ẹja. Ẹ̀yin olùkọ́ fásitì, ẹ fi tiwọn náà sínú ìdánwò.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé kan, Ẹ̀pẹ́