Ẹ má ju fùkù sí Tanímọ̀la mọ́

Powys, Wales

Ìyá mi àtàtà,

Ẹ kú ìmúra Iléyá. Mo kí Bàbá, mo kí gbogbo agboolé. Inú mi dùn pé owó àgbò ti dé ọwọ́ yín. Èmi náà wà dáadáa, àfi òtútù tí kò jẹ́ ká rímú mí. Ọ̀rọ̀ Tanímọ̀la, ajá wa, ni mo tìtorí ẹ̀ kọ̀wé gígùn lónìí, ẹ má rẹ́rìn-ín.

Ẹ rántí bàbá arúgbó tí mò ń wẹ̀ fún níbi iṣẹ́, àwọn tó ń pe Bọ́lá bí ẹni ń pe bọ́ọ̀lù? Àpá kan wà ní itan wọn ọ̀tún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn dé orúnkún, ó sì jìn débi pé ìka mi máa ń rì sínú ẹ̀ tí mo bá ń fi kànrìnkàn fọ̀ ọ́. Mo rò pé ogun ni wọ́n lọ. Nígbà tí mo bi wọ́n, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní àgùntàn ló ṣe é. Wọ́n tún ronú díẹ̀, wọ́n ní, "Rárá o, ajá ni."

Ọmọ alágùntàn ni bàbá yìí. Àgùntàn pọ̀ ní Wales ju ènìyàn lọ. Nígbà èwe wọn, bí àgùntàn bá kú sórí òkè, ajá ló ń jẹ ẹ̀dọ̀ àti fùkù rẹ̀ ní tútù. Ibẹ̀ ni ajá ti ń kó aràn kan tí kò gùn ju hóró ìrẹsì lọ. Ẹyin aràn náà á bá ìgbẹ́ ajá jáde, á lẹ̀ mọ́ koríko, á lẹ̀ mọ́ irun ajá fúnra rẹ̀. Àgùntàn á jẹ ẹ́ mọ́ koríko. Ọmọdé á fọwọ́ pa ajá lórí, á fi ọwọ́ kan náà mú búrẹ́dì. Bí ẹyin náà bá ti pa nínú ikùn, ọmọ aràn á gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ, ibi tó bá sì dúró sí, á di àpò omi. Àrùn yìí ni òyìnbó ń pè ní hydatid. Omi inú rẹ̀ mọ́ gaara. Àpò ńlá á tún bí wẹ́wẹ́ sínú ara rẹ̀, bí ẹyin tí ẹ máa ń bá nínú àgbébọ̀ tí ẹ bá là á.

Nínú 100 ènìyàn tó ní in, ti bíi 70 máa ń wà lẹ́dọ̀, ti bíi 20 ní fùkù. Ìyókù, ibi tó bá wù ú ni: eegun ẹ̀yìn, ọpọlọ, ọkàn, ẹ̀yìn ẹyinjú pàápàá. Ti bàbá wa, inú ẹran itan ló jókòó sí. Kì í dunni, kì í yára dàgbà, wọ́n sì ti lé ní 40 ọdún kí wọ́n tó rí i pé ṣòkòtò ń fún àwọn lápá kan. Dókítà kan fẹ́ fi abẹ́rẹ́ fà á bí ẹni fa eéwo, ọ̀gá rẹ̀ ló ní kó dúró kí wọ́n kọ́kọ́ yàwòrán ẹ̀. Ìyá mi, bí àpò yẹn bá fọ́ sínú ara, omi rẹ̀ lè pa ènìyàn lójú ẹsẹ̀, tàbí kó gbin òmíràn síbòmíràn. Wọ́n gé e jáde lódindi, wọ́n sì fi oògùn aràn tí wọ́n ń pè ní albendazole tẹ̀ lé e.

Ní 1983 ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ajá gúúsù Powys lóògùn aràn ní ọ̀sẹ̀ 6-6. Bàbá arúgbó náà ní ẹni tó ń fún wọn á dúró ti ajá títí yóò fi gbé e mì. Nígbà tó di 1989 wọ́n dáwọ́ dúró, aràn náà sì tún padà. Bàbá ṣì máa ń pòṣé sí i. Ọmọ Kẹ́ńyà tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní àwọn ará Turkana mọ àrùn yìí dáadáa lọ́dọ̀ àwọn, nítorí ajá ni wọ́n ń jẹ́ kó lá ìdí ọmọ mọ́.

Ìdí ọ̀rọ̀ mi rèé. Nínú fídíò Iléyá èṣí, mo rí Bàbá tí wọ́n la fùkù, tí nǹkan funfun roboto kan wà lára ẹ̀. Wọ́n ní, "Èyí ò dáa," wọ́n jù ú sí Tanímọ̀la, kò tiẹ̀ kanlẹ̀ tó fi hán an. Kò pẹ́ ni mo rí ọmọ Kẹ́hìndé tó dì mọ́ ajá, tí ajá ń lá a lẹ́nu. Mi ò ní ohun tí mo sọ yìí ló jẹ́ o, ojú fóònù ni mo fi rí i. Ẹran tí ẹ jẹ kò lè kó o ràn yín. Ọ̀dọ̀ ajá ni ìjàngbọ̀n wà.

Kí wọ́n bá mi se fùkù àti ẹ̀dọ̀ jinná dáadáa kí ajá tó jẹ ẹ́, èyí tí kò bá dáa, kí wọ́n gbẹ́lẹ̀ jìn sin ín. Kí ọmọ yẹn fọwọ́ kó tó jẹun. Mo mọ̀ pé Bàbá á ní òyìnbó ti yí mi lórí. Kí Kẹ́hìndé ṣáà kà á sí wọn létí, kó má fo ibi tí mo ti dárúkọ wọn.

Owó oògùn aràn Tanímọ̀la wà nínú owó àgbò yẹn, kí wọ́n pe dókítà ẹranko kó wá fún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ra ata.

Èmi ni ọmọ yín,
Bọ́láńlé