Lẹ́tà sí Bàbá ní Ìlọrin: Ewì Inú Ọgbà

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Àsàlámù àlékùmù. Mo kí yín, mo kí Ìyá àti gbogbo ará ilé. Ara mi le, a dúpẹ́.

Ẹ bi mí léèrè lórí fóònù pé ṣé mo ṣì ń ráyè kéwì nílùú Òyìnbó. Inú ọgbà ni mo ti ń ṣe é. Ìjọba ìbílẹ̀ níhìn-ín ní England a máa yá aráàlú ní ilẹ̀ pẹ́ńpẹ́ láti fi dáko; bí ẹ bá rí tèmi, ẹ óò rẹ́rìn-ín, nítorí kò tó ibi tí ẹ ń kọ ebè tán kí oòrùn tó mú.

Àwọn ará ibí náà ti fi ewì rin ọgbà pẹ́. Èyí tí gbogbo ọmọ ilé ìwé wọn mọ̀ ni ti William Wordsworth, ẹni tí òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin rí òdòdó daffodil lẹ́bàá adágún Ullswater ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ọdún 1802, tí ewì náà sì jáde ní 1807. Ó dùn létí, ṣùgbọ́n òdòdó tó hù fúnra rẹ̀ ni. Kò gbin ọ̀kan ṣoṣo níbẹ̀. Thomas Tusser ni tèmi. Ọmọ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ni, ó wá di àgbẹ̀ ní Suffolk, ó sì fi ewì kéékèèké tó ń pani lẹ́rìn-ín kọ́ àgbẹ̀ ní iṣẹ́ oṣù kọ̀ọ̀kan. Ìmọ̀ràn 100 ló kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ní 1557. Nígbà tó di 1573, ó ti di 500. Oṣù kẹsàn-án ló fi bẹ̀rẹ̀ ọdún, nígbà tí ìkórè ti parí. Àgbẹ̀ gidi ló lè ronú bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ewì ti ń dá mi lágara ni pé ojú ọjọ́ ibí kò gba ohùn tí mo gbé wá láti ilé. Òjò àkọ́rọ̀ ni à ń kí káàbọ̀ lọ́dọ̀ wa lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n níhìn-ín kò sí oṣù tí òjò kì í rọ̀: bí mo bá ní kó káàbọ̀, níbo ló lọ? Inú ọyẹ́ tó ń la ètè wa ni mángòrò ti ń yọ òdòdó, àmọ́ òtútù ibí a máa pa ohun ọ̀gbìn lóru ọjọ́ kan, àfi àwọn ewébẹ̀ bíi kale, tí òtútù ń sọ sítáàṣì inú wọn di ṣúgà. Ìyẹn ni mo fi dá èyí, ní ohùn dàdàkúàdà, orin ìbílẹ̀ Ìlọrin wa:

Ìrì dídì, àlejò òru tí kì í kágò,
O wọ ọgbà mi, o pa ẹ̀wà,
O pa tòmátì, o pa elégédé;
O pa ará ilé tán pátápátá,
O wá fi ṣúgà kí kale kú ilé!

Ìlà kẹrin kò tíì dán létí mi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi tún un ṣe, kí ẹ sì ka àwọn ìlà tí ẹ máa ń dá lórí ọyẹ́ nígbà tí a bá ń wa iṣu, kí ẹ fi ohùn yín ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ẹ má fi rán àbúrò mi o. Yóò gé e kúrú.

Ọmọ yín ní òkèèrè.