Àdùkẹ́, Tọ́jú Ọwọ́ Tí O Fi Ń Tọ́jú Aláìsàn

Àdùkẹ́ ọmọ mi,

Mo rí àwòrán ọwọ́ rẹ tí o fi ránṣẹ́. O ń fi ara rẹ ṣẹ̀fẹ̀, o ní ọwọ́ rẹ ti di ọwọ́ nọ́ọ̀sì wàyí. Èmi ò rẹ́rìn-ín o. Ẹ̀yìn ìka rẹ ti pọ́n, ó ń bó wẹ́wẹ́, ó sì ti sán ní oríkèé. Mo ṣe iṣẹ́ yìí títí mo fi fẹ̀yìn tì, nítorí náà má rò pé àníyàn ìyá lásán ni. Ọwọ́ tó sán kì í ṣe àmì pé èèyàn mọṣẹ́. Àìsàn ni, ó sì ní ìtọ́jú.

Àwọn kan wà lẹ́nu iṣẹ́ wa tó máa ń sọ fún ọmọ tuntun pé, "Fara dà á, á mọ́ ẹ lára." Irọ́ ni. Awọ kì í mọ ọṣẹ lójú. Bí ọṣẹ ṣe ń kó ìdọ̀tí lọ ló ń kó ọ̀rá ara awọ òkè lọ pẹ̀lú, ọ̀rá yẹn ló sì ń dá omi dúró sínú awọ, tó tún ń dí ohun burúkú lọ́nà. Bí o bá fọwọ́ lẹ́ẹ̀kan, ara á tún un ṣe. Bí o bá tún fọ̀ ọ́, tí o tún fọ̀ ọ́, kí ó tó tún ti àkọ́kọ́ ṣe tán, gbèsè ló ń jẹ. Tó bá yá, awọ á gbẹ, á máa ta ọ́, á sán. Ojú ibi tó sán yẹn ni kòkòrò bíi Staphylococcus aureus ti máa ń ráyè jókòó, ọwọ́ tó sì rí ṣákiṣàki ṣòro fọ̀ mọ́. Ṣé o rí i pé ọ̀rọ̀ náà kan aláìsàn tí o tìtorí rẹ̀ ń fọwọ́? Èyí tó tún burú ni pé ẹni tí ọwọ́ ń ta á máa sá fómi. Mo rí i lára àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, kì í sì í ṣe pé wọ́n ya ọ̀lẹ. Wọ́n á kàn fi omi tọ́ orí ìka, wọ́n á ti nù ún.

Má gbọ́ mi lódì, n kò ní kí o má fọwọ́. Ní ọdún 1847 ni dókítà Ignaz Semmelweis ní Vienna ti ní kí àwọn tó ń bọ̀ láti ibi tí wọ́n ti ń la òkú máa fi omi tí wọ́n po kiloríìnì mọ́ fọwọ́ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ àwọn aboyún, ikú àwọn ìyá ọlọ́mọ sì wálẹ̀ gan-an. Wọ́n bá a jà nígbà náà. Lónìí, ta ló tún ń jiyàn rẹ̀? Ìgbà márùn-ún tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kà náà ló ṣì wà: kí o tó fọwọ́ kan aláìsàn, kí o tó ṣe iṣẹ́ tí kòkòrò ò gbọ́dọ̀ wọ̀, bíi wíwẹ egbò, lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ tàbí omi ara bá lè ti kàn ọ́, lẹ́yìn tí o bá fọwọ́ kan aláìsàn, àti lẹ́yìn tí o bá fọwọ́ kan bẹ́ẹ̀dì tàbí ẹrù rẹ̀, bí o kò tilẹ̀ kan òun fúnra rẹ̀. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí la máa ń gbàgbé jù.

Ohun tí mo fẹ́ kí o yí padà ni ohun tí o fi ń fọ̀ ọ́. O ní o ti pa sànìtáísà tì nítorí pé ó ń ta ọ́, pé omi àti ọṣẹ ló rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ibẹ̀ gan-an lo ti ṣì í. Sànìtáísà ń ta nítorí pé awọ ti sán tẹ́lẹ̀. Ọṣẹ tí o ń sá lọ bá ló sán an. Nínú irú tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń pò, gílísírínì wà níbẹ̀, ìdá 1.45 nínú ọgọ́rùn-ún, nítorí awọ ni wọ́n ṣe fi sí i. Bí ìdọ̀tí kò bá hàn lọ́wọ́ rẹ, òun ni kí o lò: fi pa gbogbo ọwọ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá 20 sí 30, títí tó fi máa gbẹ. Má fẹ́ ẹ, má sì nù ún.

Ọṣẹ àti omi wà fún ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ tàbí ìdọ̀tí bá hàn, tí o bá ti ilé ìyàgbẹ́ bọ̀, tàbí tí o bá ń tọ́jú ẹni tí kòkòrò Clostridioides difficile ń mú yàgbẹ́ gbuuru. Kòkòrò yẹn máa ń fi èèpo líle bo ara rẹ̀, ọtí inú sànìtáísà kì í pa á. Omi ló máa ṣàn án lọ. Kí omi má gbóná o. Omi gbígbóná kò fi nǹkan kan kún ìmọ́tótó ọwọ́, ọ̀rá awọ ló ń bọ́. Ṣan ọṣẹ kúrò pátápátá láàárín ìka, kí o sì fi pépà tẹ ọwọ́ gbẹ, má ha á. Bí o bá ti fọ̀ ọ́ tán, má tún da sànìtáísà lé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ìbọ̀wọ́ ńkọ́? Ọwọ́ tó gbẹ nìkan ni kó wọ inú rẹ̀. Bí iṣẹ́ bá ti parí, bọ́ ọ, kí o sì tún fọ ọwọ́ mọ́, torí ihò kéékèèké lè wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n wo ọrùn ọwọ́ rẹ dáadáa: bí pípọ́n náà bá dúró geere níbi tí etí ìbọ̀wọ́ dé, ó lè jẹ́ ìbọ̀wọ́ ni ara rẹ kọ̀. Bí ó bá wú tó sì ń yún láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tí o wọ̀ ọ́, rọ́bà látẹ́ẹ̀sì fúnra rẹ̀ ló ṣeé ṣe kó fà á. Má fi ìyẹn ṣeré rárá, ó lè dé ibi mímí. Èyí tó bá jáde lọ́jọ́ kejì tàbí ìkẹta sábà máa ń jẹ́ ti kẹ́míkà tí wọ́n fi ṣe rọ́bà.

Bọ́ òrùka rẹ sílé tí o bá ń lọ síbi iṣẹ́. Ọṣẹ máa ń há sábẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ ni awọ sì sábà máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Ọkọ rẹ kò ní bínú; tó bá bínú, kó pè mí.

Ìpara ni kí o wá mú ní dandan: tí kò ní lọ́fínńdà, tó ki, nínú ike tí wọ́n ń tẹ̀, kì í ṣe èyí tí gbogbo wọ́ọ̀dù ń ti ìka bọ̀. Lò ó lásìkò ìsinmi, nígbà tí o bá ń kúrò níbi iṣẹ́, àti kí o tó sùn. Ẹ̀yin èwe máa ń pa àtẹ́lẹwọ́ nìkan. Ibi tó ń sán ni àárín ìka, ẹ̀yìn oríkèé àti ẹ̀bá èékánná. Èyí tó ní ọ̀rá tí wọ́n ń rí lára epo rọ̀bì nínú, bíi fasilíìnì, fi í sí alẹ́, torí ó máa ń ba ìbọ̀wọ́ látẹ́ẹ̀sì jẹ́. Bí o bá fẹ́ fọ abọ́ nílé, wọ ìbọ̀wọ́. Awọ kò mọ̀ pé o ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Ó ní ìdí tí n kò fi fẹ́ kí o fi ara rẹ wé àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀kísímà, àìsàn awọ tó ń gbẹ tó sì ń yún, ṣe ọ́ nígbà tí o wà ní kékeré, inú ìgbọ̀nwọ́ rẹ méjèèjì ló mú. Ẹni tó bá ti ní in rí, ọwọ́ rẹ̀ máa ń tètè bàjẹ́ nínú irú iṣẹ́ yìí. Sọ bẹ́ẹ̀ fún dókítà awọ. Sọ fún un pẹ̀lú bí ọwọ́ náà bá ń rọlẹ̀ nígbà tí o bá wà ní ìsinmi, tó sì ń padà dé nígbà tí o bá wọṣẹ́. Kó tó dìgbà yẹn, má gba ìpara kankan lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ tó ní tòun yá. Kí o sì sọ fún mátírọ́ọ̀nù yín lọ́sẹ̀ yìí, kí ó wà nínú ìwé pé ibi iṣẹ́ lo ti rí i.

Bàbá rẹ ń kí ọ. Jẹ́ kí n mọ ọjọ́ tí dókítà bá dá fún ọ.

Èmi ni ìyá rẹ.