“Yes” Ló Kó Bá Mi

Òkè-Àró, Àkúrẹ́
Alẹ́ ọjọ́ Àìkú

Fọlákẹ́ mi,

Ṣé òtútù ìlú òyìnbó ọ̀hún ò tíì sọ ẹ́ di ẹja inú fìríìsà? Mi ò bá ti dúró dìgbà tó o bá pè, àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí ò ṣeé gbé sùn mọ́.

Òyìnbó kan dé sí òtẹ́ẹ̀lì wa, ó wá wo òkè Ìdànrè. Ó sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi ní reception, ó ní, “Would you mind bringing me another towel?” Èmi náà kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo ní, “Yes, sir!” Ọkùnrin yìí wò mí títí. Mo tún ní, “Yes sir, yes sir!” bí ẹni tó ń ṣàmín. Ó ní, “Oh. Sorry,” ó padà sókè. Kí n tó gbé táwẹ́ẹ̀lì débẹ̀, ó ti pe máníjà. Àṣé ohun tó ń bi mí ni pé ṣé kò ní ni mí lára. Mo ní ó ń ni mí lára gan-an ni sà! Tìkúnlẹ̀-tìkúnlẹ̀! “No” ló yẹ kí n sọ. Fọlákẹ́, irú èdè wo ni “rárá” ti ń jẹ́ “mò ń mú un bọ̀”?

Máníjà ò pariwo, ó kàn kọ nǹkan sínú ìwé kan. Ì bá kúkú pariwo.

Látìgbà yẹn ni mo ti ń fetí sí ẹnu ara mi. Gbogbo ọ̀wọ̀ tiwa, inú “ẹ” la kó o sí. “Kí lẹ fẹ́ sà?” ò ní àléébù kankan lẹ́nu ọmọ tó ń tajà ní Ọjà Ọba. Sọ ọ́ di “What do you want?”, ó di ìjà. Kábíyèsí àti ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ, “you” kan náà ni wọ́n ń pè wọ́n, ni ọ̀wọ̀ bá sá wọ inú “would” àti “could” àti “may”. “How may I help you?” “Could you sign here for me, please?” Bí mo bá fẹ́ bá a gbẹ́rù, “Shall I take your bag?” ni, kì í ṣe kí n já a gbà bí àgbèrò gáréèjì. Bí ẹnì kan bá kọsẹ̀ tí mo ní “Sorry sir,” á ní kì í ṣe ẹ̀bi mi. Ta ló ní èmi ni mo gbé òkúta síbẹ̀? Mo kí ẹ pẹ̀lẹ́ ni! Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni “I'm afraid your room isn't ready yet.” Yàrá lásán-làsàn, kí ló ń bà wọ́n lẹ́rù? Àṣé “ẹ má bínú” lásán ni wọ́n ń sọ.

Màmá mi ń kí ẹ, orúnkún wọn ti ń fúyẹ́. Sùúrù ti bí obìnrin. Alásun wa ti kó lọ sí Alágbàká. Má sunkún, ata ẹ̀ ò yí padà.

Níbo ni mo bá a dé? Ẹ̀n-ẹ́n. Oṣù mẹ́ta ni mo ti ń di reception mú fún wọn, ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ ni wọ́n máa dán wa wò kí wọ́n tó yan ẹni tó máa jókòó síbẹ̀ pátápátá. Ọmọ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì FUTA wà níbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ń yọ̀ lẹ́nu ẹ̀ bí ilá. Bí wọ́n bá mú un, mo ti padà síbi ìfọṣọ nìyẹn, owó ọ̀hún ò sì lè gbé owó ilé ìwé Kúnlé. I'm afraid, Fọlákẹ́. Èyí kì í ṣe ti yàrá.

Jọ̀ọ́, pè mí lórí WhatsApp lálẹ́ Ọjọ́bọ̀. Ṣe bí àlejò tó le jù tó o ti rí ní òtẹ́ẹ̀lì tiyín níbẹ̀: kó o ní omi ò gbóná, kó o béèrè ohun tá ò ní, kó o bínú. Bí mo bá ṣìnà, má tíì rẹ́rìn-ín, jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Agogo mẹ́jọ tiyín ni kó o pè. Mẹ́sàn-án ló máa jẹ́ níbí, wọ́n á ti tan jẹnẹrétọ̀ nígbà yẹn. Má sọ fún Bísí. Ìwọ náà mọ ìdí ẹ̀.

Would you mind? Ó yá, dá mi lóhùn, kí n wò ó bóyá ìwọ náà mọ̀ ọ́n.

Èmi ni,
Àdùkẹ́