Omi ni ẹ wọ̀n, kì í ṣe átọ́ọ̀mù

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Àpilẹ̀kọ yín lórí máíkírósíkóòpù AFM (atomic force microscope, ẹ̀rọ tó ń fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín mọ ojú nǹkan) dùn ún kà, àmọ́ ẹ ní ó ń ya fọ́tò átọ́ọ̀mù nínú afẹ́fẹ́ lásán. Ibẹ̀ la ò ti fẹnu kò. Láti ìgbà tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Binnig, Quate àti Gerber ti gbé e jáde ní 1986, ńṣe ló ń fọwọ́ kan nǹkan. Ọ̀pá pẹlẹbẹ kan tí kò gùn tó ìdajì mìlímítà, tó ní abẹ́rẹ́ lẹ́nu, ló máa ń tẹ̀ bí ojú nǹkan bá fà á tàbí tì í. Iná lésà tó ń tàn sí ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń sọ bó ṣe tẹ̀ tó.

Ní Abẹ́òkúta níbí, omi ni wàhálà. Lásìkò òjò, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ sábà máa ń kọjá 80%, omi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ á sì bo ojú gbogbo nǹkan. Bí abẹ́rẹ́ bá ti sún mọ́ ọn, omi á so wọ́n pọ̀. Tí rédíọ́ọ̀sì ẹnu abẹ́rẹ́ bá jẹ́ 10 nánómítà (nánó ni ìdá kan nínú bílíọ̀nù), omi nìkan lè fi nǹkan bíi 9 nánóníútìnì fà á (níútìnì la fi ń wọn agbára). Bẹ́ẹ̀ láàárín átọ́ọ̀mù sílíkọ́nì méjì, nǹkan bíi 2 ni. Ẹni tó bá kọ 9 yẹn sílẹ̀ ní agbára átọ́ọ̀mù, omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín rẹ̀ lẹ́nu. Tó bá tún un wọ̀n nígbà ọyẹ́, èsì á yàtọ̀, á wá máa bínú sí ẹ̀rọ.

Àpótí tó dé dáadáa ni oògùn rẹ̀: kí a máa fẹ́ náítírójìn gbígbẹ sí i títí ọ̀rinrin á fi wálẹ̀ kọjá 5%, kí ohun tó ń wọn ọ̀rinrin sì wà nínú àpótí gan-an, kì í ṣe lára ògiri yàrá. Gbígbẹ náà ní tirẹ̀ o. Máíkà, òkúta tó ń ṣí ní ìpele-ìpele, tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sẹ́lótéèpù ṣí máa ń gbé iná sára, ọ̀pá á sì ti máa tẹ̀ kí abẹ́rẹ́ tó débẹ̀ rárá.

Ẹ má sì gba nọ́ńbà ẹ̀yìn páálí gbọ́ lórí bí ọ̀pá ṣe le tó, torí líle yẹn la fi ń ṣírò agbára láti inú bó ṣe tẹ̀. Bó bá fi 10% péré nípọn ju bí wọ́n ṣe kọ ọ́ lọ, líle rẹ̀ á fi 33% lé. Kí a tan lésà sílẹ̀ fún bíi wákàtí kan, torí góòlù ẹ̀yìn ọ̀pá àti ọ̀pá fúnra rẹ̀ kì í wú bákan náà nínú ooru. Kí a tẹ abẹ́rẹ́ mọ́ sílíkọ́nì tó mọ́, ká mọ iye fóltì tí àmì lésà fi ń yí fún nánómítà kọ̀ọ̀kan tí ọ̀pá bá tẹ̀. Lẹ́yìn náà ká gbé e sókè, kó máa gbọ̀n fúnra rẹ̀. Inú gbígbọ̀n yẹn ni a ti ń ṣírò líle. Ọ̀pá tí líle rẹ̀ jẹ́ 0.1 níútìnì fún mítà kan á gbọ̀n ní nǹkan bíi 0.2 nánómítà. Ìyẹn kéré débi pé jẹnẹrétọ̀ ẹ̀yìn fèrèsé lè bò ó mọ́lẹ̀. Tí a bá parí, ká padà sórí sílíkọ́nì yẹn: bí agbára ìfàmọ́ra bá ti pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, ẹnu abẹ́rẹ́ ti kú tàbí ó ti dọ̀tí.

Ní ti àwòrán máíkà tó tò lẹ́sẹẹsẹ, tí àlàfo rẹ̀ jẹ́ 0.52 nánómítà, átọ́ọ̀mù púpọ̀ ló ń kan abẹ́rẹ́ pa pọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá ní òun rí ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ẹ ní kó fi ojú ibi tí átọ́ọ̀mù kan ti yọ hàn yín. Kì í ṣe pé kò ṣeé ṣe nínú afẹ́fẹ́. Ikọ̀ onímọ̀ físíìsì Giessibl ní Regensburg, Jámánì, ti ṣe é, àmọ́ ohun tí wọ́n lò dípò ọ̀pá le ju 1000 níútìnì fún mítà kan lọ, wọ́n sì ń mì ín ní ìwọ̀n tí kò tó 0.1 nánómítà. Líle yẹn ni kò jẹ́ kí omi rí i fà mọ́lẹ̀.

Ilé ẹ̀kọ́ tó bá ń gbèrò láti ra AFM nílùú wa, kó yáa ka owó àpótí, náítírójìn, ínfátà àti bátìrì mọ́ ọn láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àwa tí iṣẹ́ AFM jẹ lógún,
Abẹ́òkúta.