Ṣẹ́ẹ̀sì ti gbé àbúrò mi lọ

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ó mà tó ọjọ́ mẹ́ta o! Ṣé àlàáfíà lo wà? Ara Màmá ti mókun, ẹ̀gbọ́n mi ti bí obìnrin, iṣẹ́ tí mò ń wá náà sì ti bọ́ sí i. Gbogbo ìyẹn ṣì lè dúró. Ọ̀rọ̀ àbúrò mi ni kò ṣeé dákẹ́ lé.

Ṣẹ́ẹ̀sì, ayò orí pátákó yẹn, ti gbé ọmọ náà lọ. Kì í ṣe bí èmi àti ìwọ ṣe ń ta á nígbà yẹn, tí a ó máa pariwo, tí ẹni tí wọ́n bá pa láyò yóò da ọmọ ayò nù pé ká tún un ta. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ẹnìkan pa òun náà. Mò ń retí ìbínú. Ìwé ló fà yọ! Gbogbo ìrìn tí àwọn méjèèjì rìn ló ti kọ síbẹ̀. Ó tún ayò tò, ó ń rìn ín ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń kùn sínú, títí tó fi rí ibi tó ti bàjẹ́. Ó ní kì í ṣe ìgbà tí wọ́n jẹ ayaba òun ni ayò ti kú, pé ó ti kú tipẹ́, láti ìgbà tí òun ti gbé pọ́ọ̀nù kan, ọmọ ayò tó kéré jù, kúrò níwájú ọba.

Ibẹ̀ ni mo gbà pé ọ̀nà ti pín. Gbogbo ènìyàn ló ń fẹ́ pa ẹlòmíràn láyò. Ìwọ̀nba ló ń fẹ́ mọ ohun tó pa òun. Ó ti pa àwọn ayò oníṣẹ́jú mẹ́ta tì. Ọba àti pọ́ọ̀nù nìkan ló ń tò sórí pátákó báyìí, tí yóò máa wò ó títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Àṣé ó nídìí. Mo kà á pé ní 1973, àwọn olùwádìí méjì, William Chase àti Herbert Simon, fi ojú ayò han ọ̀gá àti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ fún ìṣẹ́jú àáyá 5, pé kí wọ́n tún un tò látorí. Nígbà tó jẹ́ ayò tí wọ́n ta lóòótọ́, ọ̀gá fi èkejì sẹ́yìn pátápátá. Nígbà tí wọ́n kàn da ọmọ ayò síbẹ̀ láìlétò, ọ̀gá kò fi bẹ́ẹ̀ sàn jù ú lọ mọ́. Ohun tí ojú ti rí rí ni ojú ń dá mọ̀. Inú mi dùn nígbà tí mo kà á, torí òru ọmọ náà kò ṣòfò.

Ṣùgbọ́n Màmá ní ẹṣin orí pátákó yẹn ti gbé ọmọ àwọn sá lọ. Mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rù sì ń ba èmi náà. Mo sọ ìtàn Judit Polgár, obìnrin tó di ọ̀gá nínú ṣẹ́ẹ̀sì, fún wọn, bí bàbá rẹ̀ ṣe kọ́ òun àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjèèjì nílé, tó fi di grandmaster, oyè tó ga jù fún àwọn tó ń ta ṣẹ́ẹ̀sì, ní 1991 lọ́mọ ọdún 15, tó sì kéré sí Bobby Fischer, gbajúmọ̀ ọ̀tayò ọmọ Amẹ́ríkà, nígbà tí ìyẹn gba tirẹ̀. Màmá ní, "Fischer yẹn náà ńkọ́?" Kí ni mo fẹ́ sọ? Ó fi ilé-ìwé sílẹ̀ lọ́mọ ọdún 16, ó gba oyè àgbáyé lọ́wọ́ Boris Spassky ní 1972, kò sì ta ìdíje kankan mọ́ títí di 1992. Ojú wọn yí padà.

Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ náà ti dé ibi tí ọmọ yìí wà. O dá a dúró, n kò bi ọ́ léèrè, n kò sì ní bi ọ́ nísinsìnyí. Jọ̀ọ́, bá a ta ayò kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, irú èyí tí ẹ ó máa rìn ní ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́. Bí ẹ bá ti ń ta á, bá a sọ ọ̀rọ̀ oorun, àti ti ìdánwò rẹ̀ tó ń bọ̀. N kò fẹ́ kó jáwọ́. Mo fẹ́ kó pẹ́ nídìí rẹ̀ ni. Tí èmi bá sọ̀rọ̀, á ní Màmá ló rán mi, ṣùgbọ́n á gbọ́ tìrẹ. Jẹ́ kó mú funfun, má sì jẹ́ kó mọ̀ pé mo kọ̀wé sí ọ.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́